Àlejò Inú Ebè Ewé Ikọ́

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú tó mọ̀. Ìyàwó ń yí ewé lórí àtẹ ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí fèrèsé méjì ti dojú kọra kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, nígbà tí ìka rẹ̀ kan ewé kan tó ti gbẹ háúháú bíi bébà. Ewé ikọ́ kì í tètè gbẹ bẹ́ẹ̀. Ewé ikọ́ nípọn, ó nírun níwájú àti lẹ́yìn bí etí ajá, àná ni wọ́n sì ká a. Ó yẹ kó ṣì rọ̀. Ó mú ewé náà lọ sójú fèrèsé. Eyín wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ yíká bí eyín ayùn. Ewé ikọ́ kì í ní eyín.

Ó di ewé náà mọ́wọ́.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ bí orí rẹ̀ ṣe ń hu ewú yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sá ewé, kó yí i, kó dì í. Kíká kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá ló ń ká a, ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó dá ọgbà náà sílẹ̀ kí ọkọ Ìyàwó tó hu eyín àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já ewé kan kúrò lórí igi rẹ̀ bí kò ṣe Ìyá. Ọmọ tó fi inú rẹ̀ bí gan-an kò jẹ́ dán an wò.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọgbà náà á rò pé ọ̀lẹ ló ni ín. Ìyá kì í fín oògùn sí ohunkóhun. Ó ní kòkòrò jẹ tirẹ̀, ẹyẹ jẹ kòkòrò, èèyàn jẹ èyí tó kù, kò sẹ́ni tó febi sùn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà nínú abọ́ omi tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ ibòji, tí Ìyá máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí àwọn tó jọ ń gbélé. Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bora fún ilẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Tí wọ́n bá sì ká ewé, wọ́n á fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún igi tó ni ín, torí ẹni tó ń fún wàrà kì í fún un débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ.

Àmọ́ nínú gbogbo òfin Ìyá, òfin àlejò ló le jù. Ohunkóhun tó bá hù fúnra rẹ̀ nínú ebè, tí ẹnì kankan kò gbìn, àlejò ni, wọn kì í fà á tu. Ìyá á ní, "A kì í lé àlejò ká tó mọ ohun tó gbé wá." Wọ́n á so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, kí ọwọ́ tó ń ká ewé lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí á fi tanná. Tó bá ti tanná, ó ti dárúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àlejò bẹ́ẹ̀ ló ti di onílé. Ewé inú rírun tí gbogbo àdúgbò ń wá rà lọ́wọ́ wọn, atẹ́gùn ló gbé e wá lọ́dún tí ọkọ Ìyá kú, Ìyá sì máa ń sọ pé ọkọ òun ló fi ránṣẹ́.

Àwọn àlejò inú ebè ewé ikọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Ìyàwó ti ń fura sí wọn tipẹ́. Wọ́n jọ ewé ikọ́ bí ìbejì ṣe ń jọra. Ṣùgbọ́n òdòdó kan wà lójú ọ̀nà òkè, òdòdó alágogo, tí agogo rẹ̀ máa ń dorí kodò lára ọ̀pá, tí oyin máa ń wọ inú rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ nìkan á kù síta. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín báyìí. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òdòdó alágogo kì í ṣe ohun tó ń wọ ẹnu. Ọkàn èèyàn ló máa ń dì mú, á máa fà á sẹ́yìn bí ẹni fa ìjánu ẹṣin, títí tí ẹṣin náà á fi dúró. Ìyàwó ti sọ ọ́ fún Ìyá lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ní kó jẹ́ kó tanná ná, ṣé Ìyàwó ni aláṣẹ orúkọ ni. Kí Ìyàwó ṣe? Ó so aṣọ pupa mọ́ gbogbo wọn lọ́rùn, ó pa ẹnu mọ́.

Báyìí, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Nígbà tó dé ìdí ebè, kò rí pupa kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tú koríko kiri, bóyá òjò ló gbo wọ́n mọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i: nínú igi tó wà lára ọgbà, níbi tí ológoṣẹ́ ń kọ́lé sí, aṣọ pupa ń yọ jáde lára ìtẹ́ bí ahọ́n. Tẹ́lẹ̀, okùn líle ni wọ́n fi ń so àlejò. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ní okùn ń gé àwọn ewéko náà lọ́rùn, tó wá lọ ṣa àwọn àgékù aṣọ rírọ̀ jọ lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹyẹ wo ni yóò rí ibùsùn tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un, tí yóò kọjá lọ?

Láìsí aṣọ pupa, gbogbo ohun tó wà nínú ebè ti di ọmọ ilé lójú Ìyá. Lára àwọn àlejò náà, ó rí ibi tí wọ́n ti já ewé, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù.

Ó bi ara rẹ̀ ta ló ti mu nínú rẹ̀. Gbogbo ewé àná ló ṣì wà lórí àtẹ. Kò tíì di ìkankan nínú wọn. Ó fẹ́ máa dúpẹ́, kó tó rántí pé Ìyá ya ìdìpọ̀ kan sọ́tọ̀ ní tútù lọ́sàn-án àná, tó fi rán ẹni tó ń lọ sí ìlú. Bàbá Télọ̀ ló fi ránṣẹ́ sí, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí ikọ́ kò jẹ́ kó gbádùn.

Ìyàwó pe fóònù Bàbá Télọ̀. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Bàbá náà ní ìwà kan: tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ló ń ti fóònù bọ̀, ó ní èèyàn kan kò lè máa dá ẹ̀rọ méjì lóhùn. Bóyá ìyẹn ni. Ìyàwó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìyẹn ni.

Ìyá wà ní ìdáná, lórí àpótí, ó ń ṣa irúgbìn sínú àwo. Ìyàwó gbé ewé náà síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé láìdúró mí. Ìyá kò gbójú sókè títí tó fi sọ tán. Ó wá ní ọgbà òun kò pa èèyàn rí. Ó ní láti ayébáyé òun ni òun ti ń ká ewé nínú rẹ̀, kí Ìyàwó tó mọ ìyàtọ̀ ewé sí bébà. Ó ní ewé tó gbẹ, gbígbẹ náà ló gbẹ, ojú oòrùn ló sún mọ́.

"Ìyá, ó ní eyín."

"Èèyàn náà ní eyín. Ta ló so aṣọ pupa?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Aṣọ rírọ̀. Mo ní kí o lo okùn, o ní okùn ń dùn wọ́n lọ́rùn. Ṣé wọ́n sọ fún ẹ ni?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó ní kí Ìyá jọ̀ọ́ bá òun wá bí wọ́n á ṣe dé ìlú, tí wọ́n bá ti bá Bàbá Télọ̀ láyọ̀, kí Ìyá wá bú òun dalẹ́. Ìyá na ọwọ́. Ìyàwó rò pé ó fẹ́ wo ewé náà dáadáa. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá ti fà á ya, ó ti sọ díẹ̀ sẹ́nu.

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ọmọdé gbá létí, ó sì ń jẹ ẹnu. Ewé ikọ́ kì í dùn, kì í sì í korò. Bí omi ló ṣe ń rí lẹ́nu. Ìyá jẹ ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó tún jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dúró. Gbogbo ojú rẹ̀ hunjọ. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó gba omi, ó yọ ẹnu, ó tún tutọ́.

"Ó korò bí òróòro," ló wí. Lẹ́yìn náà, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀: "Àbúrò mi fẹ́ràn ohun tó bá korò. Ó ní èyí tó bá korò ló ń ṣiṣẹ́."

Ọkọ Ìyàwó ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú, ó di ọ̀sán kó tó kọjá. Ẹni kan ṣoṣo tó ní ọkọ̀ nítòsí ni Alágbàdo, tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú ọgbà wọn. Ìyá kì í sì í kí Alágbàdo. Láti ọdún tó ti fín oògùn apakòkòrò lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí oyin Ìyá kú sílẹ̀ bí ẹ̀kúrọ́ tó já, kò sí ẹ kú àárọ̀ kò sí ẹ kú alẹ́ láàárín wọn. Ìyàwó ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá ti jáde. Ó gba ibi tí ọgbà ààlà ti ya, ó ń fa ìró rẹ̀ kúrò lára ẹ̀gún, kò dúró.

Alágbàdo ń gbé dúrọ́ọ̀mù oògùn sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí i, ó gbé dúrọ́ọ̀mù náà mọ́yà, ó ní kí Ìyá Eléwé má tíì bínú, òun kò tíì fín nǹkan kan lónìí.

"Gbé wa dé ìlú," ni Ìyá wí. "Ewé mi ni. Mo fi fún àbúrò mi."

Alágbàdo ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí Ìyá ti pè é ní gbangba, apààyàn ló kéré jù nínú rẹ̀. Ó wo ojú Ìyá, ó sọ dúrọ́ọ̀mù náà kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

Wọ́n há mọ́ ara wọn níwájú, Ìyàwó láàárín, ewé yòókù tó bù sínú ike lórí itan rẹ̀. Alágbàdo ń wakọ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Ìyàwó ń pe fóònù, fóònù ń dún. Nígbà tí wọ́n já sí ọ̀nà ńlá, Alágbàdo kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìyá Eléwé, ẹ rántí pé èmi lẹ ní màá pààyàn o."

"Wo iwájú," ni Ìyá dá a lóhùn.

Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ wà, òkè ló ń gbé. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí, ẹ̀rọ dákẹ́, aṣọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ bíi pé ẹni tó ń rán an kàn dìde ni. Ìyá pè é. Kò dáhùn. Wọ́n gbọ́ ìró omi láti ẹ̀yìn.

Bàbá Télọ̀ ló wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ sídìí báàfù, ó ń fọ aṣọ funfun kan tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, irú èyí tí wọ́n fi ń gbéyàwó. Ọṣẹ ti bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú sì tì í. Ó ní kí wọ́n má sọ fún oníbàárà òun. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe sí aṣọ ọlọ́mọ, òun kàn jí láàárọ̀ òun bá a tó ti di yẹ́lò, òwú náà di yẹ́lò, òun ti bá ẹni tó ta òwú jà lórí fóònù. Òun ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò jáde.

Aṣọ náà funfun báláú. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ìyàwó wo Ìyá, Ìyá wo aṣọ.

"Àbúrò mi, o ti mu ewé tí mo fi ránṣẹ́?"

Ó ní òun mu ún lálẹ́ àná, òun tún mu ún láàárọ̀. Ó ní ó dára o, ó korò dáadáa, ti tẹ́lẹ̀ kò korò tó bẹ́ẹ̀, ṣé irú tuntun ni? Oúnjẹ àná ló kàn ń da òun láàmú, òun ti bì. Ó fẹ́ dìde kó gbé àga fún wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Alágbàdo tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló sáré gbé e kó tó kanlẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé àpò àgbàdo, ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan bi wọ́n ohun tó mu. Ìyàwó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, kó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun di ẹlẹ́jọ́ níwájú àlejò. Ìyá gba ike ewé lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé dókítà lọ́wọ́.

"Èmi ni mo ká a, èmi ni mo fi fún un. Òdòdó alágogo ni. Mo tọ́ ọ wò, òun ni."

Dókítà kò bú u. Ó ní bí wọ́n ṣe gbé ewé náà wá dára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ì bá ṣì máa méfò, pé irú májèlé bẹ́ẹ̀ ló ń sọ funfun di yẹ́lò lójú ẹni. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí lódìkejì ìlú ni wọ́n á ti gbé e wá. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ Bàbá Télọ̀ láyà, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀. Wọ́n gbà kí àwọn obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ náà ń dún. Kì í ṣe dídún ni ó burú, àárín dídún ni. Yóò dún, yóò dákẹ́, èèyàn á máa retí, á máa retí, kó tó tún dún. Ìyá di férémù ilẹ̀kùn mú. Bí ìró náà bá pẹ́, èémí tirẹ̀ náà á dúró dè é. Ìgbà kan wà tó pẹ́ débi tí nọ́ọ̀sì méjì fi sáré wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì lójú.

Ìyàwó ní òun ni, òun ni òun so aṣọ rírọ̀. Ó ti ń sunkún.

Ìyá kò wò ó. Ó ní, "Aṣọ lo so. Ọwọ́ ni mo fi ká a. Ìka mi mọ̀ ọ́n, Ìyàwó. Mo fọwọ́ kàn án, ìka mi ní irun èyí kò pọ̀ tó, mo ní ìrì ló pọ̀ lára ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọwọ́ mi ti ń gbó." Ó nu ojú. "O tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀."

Láti ìgbà tí Ìyàwó ti wọ ilé yẹn, Ìyá kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú. Ọwọ́ náà tutù. Ẹnì kan gbé àpótí kékeré kan kọjá lára wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ó wọlé. Alágbàdo dúró síwájú lọ́hùn-ún, fìlà lọ́wọ́, kò padà sóko.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìró ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ti ń sún mọ́ra. Kò tíì yá, àmọ́ ó ń dún tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ń gòkè, tó ń sinmi, tó tún ń gbé e. Dókítà ní ó jọ pé yóò yè é, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì yọ̀.

Bàbá Télọ̀ sùn síbẹ̀ títí di òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sọ òtítọ́ fún un, ohun tó ká bàbá náà lára jù ni pé òun ti bú olówùú láìṣẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, Ìyàwó rò pé Ìyá á ní kí wọ́n dáná sun gbogbo àlejò inú ọgbà, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Kò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. Ó mú ọkọ́ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú òdòdó alágogo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tigbòǹgbò terùpẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí oyin ṣe tí a ó fi gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. "A ṣì lè gba àlejò," ló wí, "àmọ́ kì í ṣe nínú yàrá ọmọ." Ó lọ gbìn wọ́n sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ààlà, níbi tí ewé kankan tó ń wọ ẹnu kò sí. Ibẹ̀ sì súnmọ́ oko Alágbàdo, ó wá di dandan kó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fín oògùn débẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbi tí wọ́n dúró sí. Ìyàwó ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó kàn rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Alágbàdo rẹ́rìn-ín tí Ìyá kò sì lù ú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún fẹ́ ká ewé ikọ́, Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ó ní kí Ìyàwó ká a. Ewé kọ̀ọ̀kan tí Ìyàwó bá já, á nà án sí i, Ìyá á fi àtàǹpàkò ra á níwájú, á ra á lẹ́yìn, kó tó sọ ọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Ó gba gbogbo òwúrọ̀ wọn. Ìyàwó já ewé náà pẹ̀lú ẹ̀rù, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́.

Nígbà tó gbẹ, àwọn méjèèjì gbé e lọ fún Bàbá Télọ̀, torí ikọ́ náà kò tíì lọ. Ó ń rán aṣọ. Ó kí wọn dáadáa, ó sì fi ojú wo ìdìpọ̀ náà bí èèyàn ṣe ń wo ajá tó ti bu èèyàn jẹ rí. Ìyá kò rọ̀ ọ́. Ó se ewé náà lórí sítóòfù rẹ̀, ó bu ife méjì, ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń mu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Télọ̀ ń rán aṣọ lọ. Ife ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tutù síbẹ̀. Ìyàwó kò mọ ibi tó máa wò, ó ń ka bọ́tìnì inú agolo.

Ikọ́ wá mú bàbá náà, ó mú un gan-an, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kò mira. Nígbà tó sinmi, Bàbá Télọ̀ na ọwọ́, ó ré ife tirẹ̀ kọjá, ó gba ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mu èyí tó kù nínú rẹ̀.